Ìka Kúdírá Létí Àwòrán

Ẹnu ọ̀nà èbúté kò ṣí fún Kúdírá.

Ó sún sẹ́yìn, ó tún dúró níwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè sí dígí Awojú, ẹ̀rọ tó ń ka ojú èrò, tó wà lórí òpó, ó gbìyànjú láti tújú ká. Irin tó dí ẹnu ọ̀nà náà kò mira. Àwọn èrò tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ mí kanlẹ̀, ìyá," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. "Awojú ní inú yín ń ru. Kì í jẹ́ kí ẹni tínú ń bí wọ ọkọ̀ omi."

"Ta ló sọ fún un pé inú ń bí mi?"

"Ojú yín ni."

Rùkáyá, àbúrò rẹ̀, ti wà ní òdìkejì irin tipẹ́. Òun kì í dúró níbì kankan. Bí Awojú bá ti rí i, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, ohùn kan á sì wí pé, "Ẹ káàbọ̀, Ojú Àjùmọ̀ní." Obìnrin méjì ti kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ti gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí wọ́n lè ya àwòrán. Kò sẹ́ni tó kí Kúdírá, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló sì máa ń pọn Rùkáyá nígbà tí ìyá wọn bá lọ sódò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé," ni Rùkáyá wí fún ọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. A jọ ń lọ ni."

Ọkùnrin náà tẹ nǹkan kan, irin sì ṣí. Kúdírá wọlé. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Iwájú ni wọ́n jókòó sí nínú ọkọ̀, lórí àga tímùtímù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú Rùkáyá. Lára ògiri ọkọ̀, níbi tí àwọn èrò ti ń ránṣẹ́ sílé, ojú rẹ̀ ń yọ, ó ń wọlé, ó tún ń yọ. Ọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ fìdí rẹmi lánàá fi ojú náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ojú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ni. Ó di ojú kan pinpin, ó fi èkejì wò bí ẹni tí wọ́n da omi sí, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, eyín iwájú rẹ̀ yọ síta. Àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n ni Rùkáyá gé jẹ lọ́jọ́ náà nídìí igi ilé bàbá wọn ní Ẹ̀pẹ́, kíkan rẹ̀ sì wọ ọ́ léyín. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló ya àwòrán rẹ̀. Míìmù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á fi rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì gbàgbé. Wọn ò gbàgbé ti Rùkáyá. Ó kọjá òkun. Ó di ohun tí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, títí Òfin Ojú fi dé, tó sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Nísàlẹ̀ àwòrán náà, létí rẹ̀ lápá òsì, ìka mẹ́rin wà tó di ààbọ̀ àgbálùmọ̀ mú. Ìka Kúdírá ni. Wọ́n ti gé ìyókù rẹ̀ dànù.

Láti ìgbà náà ló ti ń jowú. Ó mọ̀ pé owú ni, kò pè é ní orúkọ mìíràn. Lọ́jọ́ tó ń ṣègbéyàwó, àwọn àlejò tò lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n lè ya àwòrán, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ́ ni wọ́n tò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, Rùkáyá bú sẹ́kún lẹ́bàá sàárè, àwọn kan sì bú sẹ́rìn-ín, torí pé ojú tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn náà ló ṣe. Kúdírá kò bínú sí àwọn tó rẹ́rìn-ín. Rùkáyá ló bínú sí. Lójú tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti tún gba òkú ìyá wọn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé dé. Orí Òkè Ìtura, níbi tí ọ̀sà kò lè gùn dé, ni ìjọba fún àwọn Ojú Àjùmọ̀ní. Ní Ẹ̀pẹ́ ìsàlẹ̀ tí Kúdírá ń gbé, omi ti gba yàrá tó wà nílẹ̀. Òkè pẹpẹ pákó ló ń sùn báyìí. Ní òru, ó ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń fi orí lu pákó lábẹ́ ẹní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òní yìí yàtọ̀. Ilé Àkójọ Ojú tó wà ní Ìkòròdú ti gbà níkẹyìn pé ìka náà ní ẹni tó ni ín. Lọ́sàn-án yìí ni wọ́n máa kọ orúkọ Kúdírá mọ́ àwòrán náà, gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín. Onípìn-ín pẹ̀lú a máa ní ilé lórí òkè. Ó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó lé làálì sọ́wọ́, ó sì ti fọ èékánná rẹ̀ léraléra, torí ó rò pé wọ́n á fẹ́ wo ìka náà.

Ọkọ̀ kò tíì pẹ́ lórí omi tí Rùkáyá fi ké, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú. Ojú rẹ̀ wá kákò: ọ̀kan dì pinpin, ẹnu wọ́ sápá kan.

Àwọn èrò rí i. Ọkọ̀ kún fún ẹ̀rín, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ó ṣe é fún wa," ni ẹnì kan wí. "Ẹ tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kò rí i dáadáa."

Kúdírá fẹnu sún mọ́ etí àbúrò rẹ̀. "Jókòó jẹ́ẹ́, Rùkáyá. Òní kì í ṣe tìẹ."

"Ẹ má bínú," ni Rùkáyá wí. Ó gbìyànjú láti jókòó dáadáa. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó di etí ara rẹ̀ mú, ó sì fà á.

Kúdírá wo ọwọ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn. Nígbà tí Rùkáyá wà ní kékeré, ìwọ̀ ẹja kan wọ ọ́ lẹ́sẹ̀ létí ọ̀sà, irin náà sì wọlé títí tí wọn ò fi rí orí rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó di etí rẹ̀ mú báyìí, ó ń fà á, títí bàbá wọn fi yọ ìwọ̀ náà tán. Ẹkún àti ojú kíkákò, ó ń ṣe wọ́n fún ohun kékeré náà. Nígbà tó bá dùn ún gan-an, etí ló máa ń dì mú.

"Níbo ló ń dùn ọ́?" ni Kúdírá bi í.

Rùkáyá kàn ń fa etí rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan wà létí èbúté Ìkòròdú tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí. Kúdírá gbé apá àbúrò rẹ̀ kọ́rùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé òun ló gbé e débẹ̀. Awojú ti ilé ìwòsàn tóbi ju ti èbúté lọ. Ó wo Rùkáyá láti orí dé ọrùn, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà.

"Ẹ káàbọ̀, Ojú Àjùmọ̀ní. Ẹ̀fẹ̀ ni mo rí. Inú wa dùn. Ẹ jókòó síbi àwọn tí ara wọn le."

"Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀," ni Kúdírá wí.

"Ẹ̀fẹ̀ ni," ni Awojú tún wí.

Nọ́ọ̀sì kan jáde, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ó so orúkọ rẹ̀ mọ́ àyà: Mopélọ́lá. Ó bá Kúdírá tẹ́ Rùkáyá sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Inú wọn le bíi pákó," ni ó wí. "Nǹkan kan ti bẹ́ tàbí ó fẹ́ bẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni."

"Ẹ ṣe é nígbà náà."

"Ìyá, yàrá iṣẹ́ abẹ kì í ṣí fún ẹni tí Awojú bá ní ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ilẹ̀kùn, iná, abẹ́rẹ́ oorun, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan."

"Tó bá ń kú lọ ńkọ́?"

"Irú ojú tí wọ́n ṣe yìí náà ni wọ́n máa ṣe," ni Mopélọ́lá wí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ojú yìí ni gbogbo ẹ̀rọ ayé fi kọ́ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Kò lè rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbí lọ́dún tó kọjá, ẹni tí wọ́n mọ̀ fún ẹ̀rín tó rín níbi ìdánwò ọkọ̀. A ò tètè rí ẹlẹ́rìí."

"Ẹlẹ́rìí wo?"

"Ẹlẹ́rìí Ojú. Ẹni tó mọ ojú náà kó tó di ti gbogbo ènìyàn. Tó bá búra níwájú Awojú, ẹ̀rọ máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú náà á padà di ti ẹni tó ni ín. Àwòrán á kúrò níbi gbogbo. Gbogbo ohun tó ti ara rẹ̀ wá fún wọn, ilé, àyè nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á dópin." Ó wo Kúdírá. "Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n láti kékeré?"

Kúdírá gbójú sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Rùkáyá ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ ń já. "Ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò tíì kọ orúkọ yín."

"Má da ara rẹ láàmú."

"Ẹ lọ kí wọ́n kọ ọ́ ná. Ìpín onípìn-ín tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ kì í kú, bí àwòrán tilẹ̀ kú. Mo bi wọ́n. Òpópónà kejì ni Ilé Àkójọ wà. Ẹ lọ, kí ẹ sì padà wá búra fún mi."

"O bi ta ni?"

"Àwọn tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ẹjọ́ yín lọ. Ta lẹ rò pé ó sọ fún wọn pé ìka yín ni?"

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé ọkàn Kúdírá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí wá, ohun kan ṣoṣo ló ti ń fi yangàn nínú ara rẹ̀, pé òun ti rí nǹkan gbà nínú ayé láìjẹ́ pé ó ti ọwọ́ Rùkáyá wá. Rùkáyá náà ló tún fún un. Ó dìde láìwo àbúrò rẹ̀.

"Mo ń bọ̀," ni ó wí fún nọ́ọ̀sì.

"Ẹ má pẹ́ o, ìyá."

Ó rìn kíákíá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Rùkáyá ló ní kí òun lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò ní pẹ́, pé ẹni tó ti gba ohun gbogbo láti kékeré lè dúró díẹ̀ kí ẹlòmíràn gba ẹyọ kan. Nígbà tó dé Ilé Àkójọ, ilẹ̀kùn ṣí fún un kíá, torí wọ́n ń retí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí ilẹ̀kùn máa pe orúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé kan dìde kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ jókòó, mà. Nítorí tiyín la ṣe lọ wá àwòrán náà lódindi, kó tó di pé wọ́n gé e. Ẹ wò ó."

Ó wà lára ògiri, ó ga dé àjà. Kúdírá kò rí i rí. Rùkáyá wà láàárín, ojú rẹ̀ kákò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan dúró, ó ga, ó rù, ó wọ búbà tí ó ti kéré jù fún un. Ọwọ́ kan rẹ̀ di ààbọ̀ àgbálùmọ̀ mú. Kúdírá ti máa ń rò pé òun rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tàbí pé òun kọjú sí ẹni tó ń ya àwòrán, pé wọ́n rí òun tán kí wọ́n tó gé òun sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà lára ògiri kò wo ibì kankan àfi ojú Rùkáyá. Ó ti na ọwọ́ kejì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n àbúrò rẹ̀, kó lè tu èso kíkan náà sí i.

"Ẹ̀yin nìyẹn," ni akọ̀wé wí. "Ẹ rí bí ẹ ṣe rí. Ó kù kí ẹ tẹ ìka yín síbí, ó tán."

Dígí kékeré kan wà lórí tábìlì. Kúdírá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Akọ̀wé náà rántí pé ó yẹ kí olórí àwọn wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n pe ọ̀gá," ó sì yára lọ sí yàrá inú.

Kúdírá kù níwájú ògiri. Ó tún wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Kò rántí rẹ̀ rárá. Ó rántí gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n rín, gbogbo ẹni tó kí Rùkáyá kí wọ́n tó kí òun, ṣùgbọ́n kò rántí pé òun nawọ́.

Nígbà tí akọ̀wé àti ọ̀gá rẹ̀ jáde, àga Kúdírá ti ṣófo. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ wọn lójú ọ̀nà, kò yíjú padà. Ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń sáré.

Nígbà tó dé, ètè Rùkáyá ti funfun. Mopélọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

"Níbo ni mo máa dúró?" ni Kúdírá bi í, èémí rẹ̀ ń já.

Wọ́n mú un lọ síwájú Awojú. Ohùn ọlọ́yàyà náà yí padà, ó di ohùn kan tó tutù.

"Kí ni orúkọ yín?"

"Kúdírátù Alájẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, ọmọ ìyá kan náà."

"Ṣé ẹ ní ìpín nínú àwòrán yìí?"

"Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ lónìí. Wọn ò tíì kọ ọ́."

"Bí ẹ bá jẹ́rìí, ìpín yín kò ní sí láéláé. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sọ bí ojú yìí ṣe ń ṣe nígbà tí ìrora bá wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́."

Kúdírá sọ ọ́. Ó sọ ti ìwọ̀ ẹja, ó sọ ti etí. Ó sọ ti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn, pé ẹkún gidi ni, pé òun mọ̀ nígbà náà pé ẹkún gidi ni. Ìyẹn ṣòro fún un láti sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ dé òpin. "Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ fún yín rí," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ mú un bẹ́ẹ̀."

Awojú gba ẹ̀rí náà. Lẹ́yìn náà ni ojú Rùkáyá kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, àyè funfun lásán ló ń yọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, nínú ilé, ní òkè òkun. Ọmọbìnrin tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà bá a lọ. Kò sí ẹni tó tún máa rí i mọ́, Kúdírá pàápàá kò ní rí i mọ́.

"Ìrora," ni Awojú wí. "Ó le gan-an. Ẹ yára." Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ sì ṣí.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni Kúdírá fi jókòó síta. Àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n sì ń wá. Àwọn kan mú òdòdó dání. Àwọn kan ń bínú pé wọ́n ti gba ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin kan jókòó tì í.

"Wọ́n ní ẹnì kan ló búra, tí ojú náà fi parẹ́."

"Èmi ni."

Obìnrin náà wò ó. "Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

"Ah. A ò mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà wí, ó sì dìde lọ bá àwọn tó mú òdòdó dání.

Ọ̀rọ̀ náà dun Kúdírá bó ṣe máa ń dùn ún tẹ́lẹ̀, kò dín kù.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Rùkáyá ti ń jí. Ojú rẹ̀ kákò, ọ̀kan dì pinpin, ẹnu wọ́ sápá kan, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀, ó ń sọ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ó ń dùn yín, mo mọ̀. Ó ń dùn yín. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Kúdírá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, owú sì tún gbá a mú, ó le ju gbogbo èyí tó ti jẹ ẹ́ rí lọ. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà níwájú orí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní aṣọ yẹn," ni ó wí.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì fún un. Kúdírá nu iwájú orí náà, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó nu abẹ́ àgbọ̀n.

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ yín?" ni Rùkáyá bi í.

"Má sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé wọ́n kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ ọ́."

Rùkáyá di ojú méjèèjì. "Wọ́n máa gba ilé orí òkè náà lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ mi lo máa bọ̀ sí."

"Omi wà níbẹ̀."

"Omi wà níbẹ̀," ni Kúdírá wí. "Sún díẹ̀."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ariwo àwọn tó mú òdòdó dání ti ń sún mọ́ tòsí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bèèrè yàrá tí Rùkáyá wà. Kúdírá yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó na gèlè rẹ̀ bí aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó sì fi èjìká rẹ̀ dí àyè tó kù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé má lè rí ojú àbúrò òun àfi tí òun bá gbà.